Lámín Kì í Ṣe Àgbò

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó agbo Olúwa. Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà orúnkún tó ń dùn yín. Ẹ̀gbọ́n mi Dọ́káàsì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn òbí wa. Èmi tó yẹ kí n ràn yín lọ́wọ́ ló sá wá sí etí òkun. Gbogbo ìjọ tó jókòó síwájú bàbá mi, ẹ kú ìsìn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì yàrá tí mo háyà ní Banjul níbí. Ẹ má tíì ní kí n dìde. Ẹ kà á tán ná.

Bàbá, lẹ́tà tí mo kọ sí yín ṣáájú èyí, orí àga ìwàásù lẹ ti kà á fún ìjọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka eléyìí náà níbẹ̀. Irọ́ ló wà nínú ti ọjọ́sí, etí tó sì gbọ́ irọ́ náà ló yẹ kó gbọ́ òtítọ́. Mo mọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ lè mú kí ẹ tì í sínú àpótí, kí ẹ ní ẹ kò rí ìwé kankan gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn n'Íbàdàn. Ẹ foríjì mí. Bí mi ò bá dí ọ̀nà mọ́ ara mi báyìí, màá tún sá ni.

Ohun tí mo kọ nígbà yẹn ni pé ọ̀mùtí kan rìn wọ abẹ́ ẹrù níbi iṣẹ́ wa ní èbúté, pé ẹrù náà pa á, pé díẹ̀ ló kù kó pa èmi náà níbi tí mo ti fẹ́ fà á yọ. Ẹ fèsì pé ẹ ti ṣe ìdúpẹ́. Ẹ pa ewúrẹ́. Ìyá mi jó títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Ẹ ní ẹ wàásù lórí Ábúráhámù àti àgbò tí ìwo rẹ̀ há sínú igbó, pé bí Ọlọ́run ṣe pèsè àgbò dípò Ísáákì, bẹ́ẹ̀ náà ló pèsè ẹlòmíràn dípò Tìmótíù ọmọ yín, ìjọ sì ké halelúyà. Orí àpò ẹ̀pà ni mo jókòó sí nígbà tí mo ka ìwé yẹn. Mo kà á dé ibi àgbò, mo ká a, mo dìde.

Bàbá, Lámín kì í ṣe àgbò. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín, nítorí nínú lẹ́tà ọjọ́sí, mi ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí wọn ò tíì yí orúkọ rẹ̀ kúrò ní Bathurst, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ọyẹ́ ilé wa. Erùpẹ̀ aṣálẹ̀ ló máa ń gbé wá, á bo ojú oòrùn, á wọ inú oúnjẹ, ètè á là títí yóò fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí òjò bá sì dé, omi á dúró sójú pópó, ẹ̀fọn á gba ìlú. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo máa ń jókòó sórí ibùsùn, kí n máa bá ara mi sọ Yorùbá kí n má baà gbàgbé bí ohùn mi ṣe rí. Ẹni tó yọ mí nínú ìyẹn ni Lámín. Ọmọ ẹ̀yà Jólà ni, ó ń gbé ní Bundung pẹ̀lú Maríámà ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin mẹ́ta, inú ikùn ọkọ̀ ojú omi ló sì ti ń to ẹrù. Òun ló kọ́kọ́ pè mí sídìí abọ́. Ìrẹsì àti ẹja ni, bẹ̀náṣìn ni wọ́n ń pè é, abọ́ kan, ọwọ́ mẹ́fà nínú rẹ̀. Ó máa ń fi ìka ti ẹja síwájú mi nítorí pé àlejò ni mí. Òun ló kọ́ mi ní Wọ́lọ́ọ̀fù tí mo fi ń ra nǹkan lọ́jà, a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá ṣì í sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dá ẹmu ní abúlé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé ọmọ ilé ẹlẹ́mu ń díbọ́n bí àlùfáà. Lámín kò bá wọn jà. Á tẹ́ àpò lásán sílẹ̀, á kírun rẹ̀, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti di géńdé, ọtí kò kan ẹnu rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n dúró sí ẹnu ihò ńlá tó wọ ikùn ọkọ̀. Ẹni tó ń wa kíréènì, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wọnú ọkọ̀, kò lè rí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò. Bí mo bá na àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀ tí mo ń mì í, á sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá di ìkúùkù, á dúró. Ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń fi iṣẹ́ yẹn yangàn nínú àwọn lẹ́tà mi. Ẹ óò rántí.

Onílé mi ni Ìyá Hánà, opó àgbàlagbà kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Akú, tí àwọn baba ńlá wọn ti Freetown wá. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí mi ní kúṣẹ́ o, tí wọ́n sì gbé àkàrà síwájú mi, omi a máa lé sí mi lójú. Onígbàgbọ́ paraku ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kì í fi òkú wọn sílẹ̀ láìjẹun. Bí ọdún bá yí po tí ẹnì kan ti kú, wọn a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, wọn a wá se oúnjẹ fún gbogbo àdúgbò, wọn a bu ti òkú sọ́tọ̀, wọn a sì ta ọtí sílẹ̀ fún un. Àwùjọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Ìyá Hánà ṣe ti ọkọ wọn. Èmi ọmọ katikíìsì, tí mi ò mu ọtí nílé rí, mo mu ún lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé àṣà ni, pé mi ò fẹ́ tàbùkù òkú. Ó kàn wù mí ni. Nígbà tí ayẹyẹ parí, Ìyá Hánà rọ jíìnì tó ṣẹ́kù sínú ìgò oògùn ikọ́ fún mi, kí n máa fi ra ẹ̀yìn tó ń dùn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, orí mi wúwo. Mo mu lára jíìnì náà kí n tó kúrò nílé, mo sì ki ìgò bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Mo tún mu díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹrù ẹ̀pà ń bọ̀ lókè orí mi, Lámín sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn tó wà lára ẹrù tó ṣáájú. Ó yẹ kí n di ìkúùkù. Mo rò pé mo dì í. Bàbá, ọwọ́ mi ń mì sísàlẹ̀. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn, ó ń mì, ẹrù sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ariwo tó dún kò tilẹ̀ pọ̀.

Mo sáré gba orí àkàsọ̀ irin sọ̀ kalẹ̀, mo fà á yọ, mo gbá a mọ́ àyà. Ìgò inú àpò mi fọ́ láàárín èmi àti òun, jíìnì sì dà sí i láṣọ láti ọrùn dé ìdí. Ó wò mí. Orí itan mi ló kú sí.

Nígbà tí fóòmàn wa dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn, ó yínmú. Ó bi mí léèrè bóyá ọkùnrin yìí mutí. Òórùn náà wà lára àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì lè fọhùn. Mo ní ó máa ń mu ún. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dá ẹmu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n ní òun ló fa ikú ara rẹ̀, wọ́n sì ní kí Maríámà má retí nǹkan kan lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́.

Àwọn àgbà tó wẹ̀ ẹ́ ní Bundung gbóòórùn ọtí lára òkú Mùsùlùmí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ tìkanra-tìkanra. Ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò bá wọn dé ìtẹ́ òkú. Lèmọ́mù kírun sí i lára, ènìyàn méje péré ló tò sẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo di fìlà mi mú. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn obìnrin ẹnu kànga bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ọ̀mùtí. Gbólóhùn méjì tèmi ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Mo wá ń wá ètùtù kiri. Níbí, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lọ́kàn ènìyàn, sàárà ni wọ́n máa ń ní kó ṣe. Mo ra àbẹ́là, ṣúgà, obì àti wàrà, mo pín wọn fún àwọn alágbe ẹnu mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún. Mo gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì títí ṣòkòtò fi ń yọ̀ bọ́ nídìí mi. Mo kúnlẹ̀ nídìí pẹpẹ láti gba Ara Olúwa, ó lẹ̀ mọ́ mi lájà ẹnu, mi ò lè gbé e mì. Mo tu ú sínú ańkáṣíìfù. Mo mọ bí èyí yóò ṣe dùn yín tó, Bàbá, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Lójoojúmọ́ ni mo sì ń sọ ohun tí ẹ kọ́ wa fún ara mi, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti san gbogbo rẹ̀, kò ku síbì kan. Òtítọ́ ni. Àmọ́ abẹ́ òtítọ́ yẹn ni mo ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi nípa ewúrẹ́ tí wọ́n máa ń lé lọ sí aginjù láyé Áárónì. Àlùfáà á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, á sì jẹ́wọ́. Láti kékeré tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn, ọwọ́ nìkan ni mo máa ń rò, mi ò ro ti ẹnu. Áárónì kò sọ pé ewúrẹ́ ló ṣẹ̀. Ó ní àwa la ṣẹ̀, ewúrẹ́ kàn ń gbé e lọ ni. Èmi gbé ọwọ́ lé Lámín lórí, mo sì ní tirẹ̀ ni. Mo tún wo àgbélébùú. Jésù kò ti ẹnikẹ́ni síwájú. Ara rẹ̀ ló fi rúbọ, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Bàbá, ó dà bíi pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń kú dípò ẹlòmíràn: kó yọ̀ǹda ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n jí i gbé síbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ìgbàlà. Èkejì, ìpànìyàn ni, kódà bí a bá kọrin halelúyà lé e lórí.

Ìyá Hánà ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí mo fi sọ ọ́ tán. Mo wá fi kún un pé mo gbàgbọ́ pé Jésù ti dárí jì mí. Wọ́n ní ó dáa, pé kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Maríámà, kí n sì wò ó lójú bí mo bá ń sọ ọ́. Wọ́n ní Jésù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Lámín kò mutí, àwọn ará Bundung ni kò mọ̀. Wọ́n wá gbé àtẹ kalẹ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní ilé àwọn ni jíìnì náà ti jáde, àwọn yóò bá mi lọ.

A bá Maríámà nídìí ẹ̀pà tó sá sóòrùn. Mo sọ ọ́ ní Wọ́lọ́ọ̀fù tí ọkọ rẹ̀ kọ́ mi. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, Ìyá Hánà bá mi parí rẹ̀. Maríámà wọlé, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì tí Lámín wọ̀ lọ́jọ́ tó kú jáde. Ó ní òun kò fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun máa ń gbóòórùn rẹ̀, òun a sì máa ronú ibi tí Lámín ń fi ọtí mímu pamọ́ sí fún òun láti ọdún tí àwọn ti jọ ń gbé, pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ mìíràn kún un, gbogbo ìgbà tó pẹ́ dé, gbogbo ìgbà tó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ìbínú kò jẹ́ kí òun sunkún ọkọ òun bó ṣe yẹ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi pẹ́. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun kò dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, pé mò ń ṣíji bo ẹ̀pà òun. Ó wá ní kí n wá sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó wẹ Lámín.

Mo lọ. Lẹ́yìn ìrun, lèmọ́mù ní kí n dúró ní àgbàlá kí n sọ tẹnu mi. Mo sọ ọ́ tán, ẹnì kan sọ bàtà lù mí ní ojú, àwọn mìíràn sì ń bọ̀, àfi ìgbà tí lèmọ́mù na apá. Bàbá arúgbó kan jáde láàárín wọn, òun ló ṣáájú àwọn tó wẹ òkú náà. Ó bi mí bóyá tèmi ni ọtí yẹn lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní ńṣe ni òun kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí òun ń wẹ̀ ẹ́, pé òun kàn ń da omi lé e bí ẹni fọ abọ́. Ó ń bi gbogbo wa pé níbo ni àwọn yóò ti rí Lámín kí àwọn tún un wẹ̀. Gbogbo mọ́ṣáláṣí tò lọ sí ìtẹ́ lọ ṣàdúrà fún un, èrò náà kún ojú ọ̀nà. Mo tẹ̀ lé wọn. Maríámà ránṣẹ́ pé kí n má ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ náà, mo sì dúró síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹ má retí owó. Wọ́n ní adájọ́ yóò pè mí láìpẹ́, mo sì rò pé ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mi ò ní purọ́ ìgboyà fún yín. Mo gbọ́ pé wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ Maríámà gbé yẹ̀ wò nílé iṣẹ́, mi ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni.

Mo mọ ohun tí ẹ óò fẹ́ ṣe. Ẹ óò fẹ́ ta oko kòkó kí ẹ fi gba lọ́yà. Ẹ óò fẹ́ gbààwẹ̀ fún mi. Ẹ óò dìde níwájú ìjọ, kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ kò tọ́ mi dáadáa, kí ẹ̀bi náà lè kúrò lórí mi bọ́ sórí yín. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má gbé e. Ẹnì kan ti rù ú fún mi láìmọ̀ọ́mọ̀, ìyẹn ti tó. Ohun tó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run, Jésù ti gbé e lọ. Nínú ẹ̀rù tí mo wà yìí ni mo tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á gbọ́. Èyí tó wà láàárín èmi àti ilé Lámín, ẹ jẹ́ kó wà lórí ẹni tó ni ín.

Ìyá mi, ẹ má bínú sí ara yín nítorí ijó tí ẹ jó. Ìjọ Ọlọ́run, ẹ̀yin náà ẹ kò mọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n Dọ́káàsì, ẹ má sì fi ìtàn yìí pamọ́ fún wọn bí wọ́n bá dàgbà. Kí Olúwa wo orúnkún Ìyá sàn, kó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kó má sì jẹ́ kí a tún fi ẹkún ilé ẹlòmíràn ṣe ọpẹ́ nílé wa mọ́. Bàbá, mo mọ̀ pé ìjọ wa kì í gbàdúrà fún òkú, mi ò sì ní kí ẹ gbà á. Ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀ sókè láti orí àga ìwàásù yẹn, kí ẹ ní Lámín ni, kí ẹ ní ọkùnrin náà kò mutí.

Èmi ni ọmọ yín,
Tìmótíù